Ọjọ́ Ìrántí Àwọn Ológun: ta ni à ń rántí gan-an?

Ará Mókọ́lá ní Ìbàdàn mọ Letmauk. Ará Ọbáléndé mọ Dodan, ará Àpápá mọ Arakan, ará Yábàá sì mọ Marda àti Myohaung, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bí ẹnu kálukú ṣe ń pe èyí tó gbẹ̀yìn yẹn kò dọ́gba. Bí ẹ bá bi wọ́n pé kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní bárékè ṣọ́jà ni. Wọn ò parọ́. Àmọ́ kí wọ́n tó di bárékè, orúkọ ojú ogun ni wọ́n. Marda jẹ́ ojú ọ̀nà kan láàárín òkè ní Ethiopia, tí àwọn ṣọ́jà Nàìjíríà gbà lọ́wọ́ àwọn ará Ítálì ní oṣù kẹta ọdún 1941. Àwọn mẹ́rin tó kù, ilẹ̀ Bọ́mà lọ́hùn-ún, tí à ń pè ní Myanmar lónìí, ni gbogbo wọn wà, níbi tí àwọn bàbá wa ti bá àwọn ọmọ ogun Jàpáànù fà á ní 1944 àti 1945.

Ojoojúmọ́ là ń fi orúkọ ibi tí wọ́n kú sí júwe ọ̀nà fún awakọ̀. Orúkọ àwọn tó kú síbẹ̀ ni kò sí lẹ́nu wa.

Ohun tó ń mú mi sọ èyí ni ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kìn-ín-ní, ọjọ́ tí Nàìjíríà fi ń rántí àwọn ológun rẹ̀. Ọdọọdún ni ètò rẹ̀ ń lọ bákan náà. Ààrẹ á kọ́kọ́ ṣí títa bájì, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn láyà, àwọn gómìnà náà á ṣe tiwọn ní ìpínlẹ̀. Wọ́n á kí Jímọ̀ ní mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n á ṣe ìsìn ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú. Nígbà tí ọjọ́ náà gan-an bá pé, wọ́n á fun fèrè, gbogbo èèyàn á dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, wọ́n á yìnbọn ẹ̀yẹ, àwọn aláṣẹ á to òdòdó sẹ́sẹ̀ ère, wọ́n á sì tú àwọn ẹyẹlé funfun sílẹ̀. Ní Àbújá, National Arcade ni èyí ti ń wáyé. Nígbà tí Èkó ṣì jẹ́ olú-ìlú, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń ṣe é. Àwọn oníròyìn a máa ṣọ́ bóyá ẹyẹlé Ààrẹ máa fò tàbí kò níí fò, ìyẹn sì lè gba ojú ewé ìwé ìròyìn ju ohun tí ọjọ́ náà wà fún lọ.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún? Tẹ́lẹ̀, ọjọ́ kọkànlá oṣù kọkànlá ni àwa náà ń lò, nítorí pé ọjọ́ yẹn ni Ogun Àgbáyé Kìíní parí ní 1918, gẹ̀ẹ́sì sì ni ọ̀gá wa nígbà náà. Lẹ́yìn ogun Biafra ni wọ́n yí i padà. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kìn-ín-ní ọdún 1970 ni Philip Effiong, tó dúró fún Biafra, wá sí Dodan ní Èkó, tó sì jọ̀wọ́ ara wọn fún Ọ̀gágun Yakubu Gowon. Gowon ní kò sẹ́ni tó borí, kò sẹ́ni tí wọ́n borí. Ọjọ́ tí ogun parí ni ìjọba fẹ́ kí a máa rántí.

Ṣùgbọ́n fún ọmọ Yorùbá tó bá mọ ìtàn, ọjọ́ yẹn ní ojú méjì. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kìn-ín-ní kan náà, ọdún mẹ́rin ṣáájú, ní 1966, ni àwọn ọ̀dọ́ ọ̀gá ológun ṣe ìfipágbàjọba àkọ́kọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà ni wọ́n pa Samuel Ladoke Akintola, olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ní Ìbàdàn. Ní Kàdúná, wọ́n pa Ọ̀gágun Samuel Ademulegun pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, wọ́n sì pa Ọ̀gágun Ralph Shodeinde. Ológun ni wọ́n, ológun ẹlẹgbẹ́ wọn ló pa wọ́n. Nítorí náà, ọjọ́ tí à ń fi òdòdó rántí àwọn tó kú fún ilẹ̀ yìí náà ni ọjọ́ tí àwọn ológun kọ́kọ́ yí ìbọn sí olórí ìlú. N kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni mẹ́nu ba ìyẹn níbi ayẹyẹ náà.

Iṣẹ́ ṣọ́jà láàárín wa ti pẹ́ ju ogun Biafra lọ. Láti àwọn ọdún 1860, nígbà tí Glover jẹ́ aláṣẹ ní Èkó, ló ti kó àwọn Haúsá kan jọ tó fi wọ́n ṣe ọmọ ogun. Nígbà tó yá, Lugard dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọmọ ogun Nàìjíríà ti jáde. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní dé, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní ogun Káísà, wọ́n kọ́kọ́ kó àwọn ọmọ wa lọ bá àwọn ará Jámánì jà ní Kamẹrúùnù. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi kó wọn lọ sí Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, ibi tí à ń pè ní Tanzania lónìí. Ìjà tí wọ́n jà ní Mahiwa ní oṣù kẹwàá 1917 jẹ́ ọ̀kan lára èyí tó gbóná jù níbẹ̀, ó sì jẹ ẹ̀mí púpọ̀.

Ṣọ́jà nìkan kọ́ ló lọ. Àwọn aláàárù lọ pẹ̀lú wọn, àwọn tó fi orí ru ọta ìbọn, oúnjẹ àti àwọn tó fara pa, nítorí pé kò sí ọ̀nà ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ni àìsàn àti ebi pa. Ní Ìdúmọ̀tà ní Èkó, ère méjì ni wọ́n gbé síbẹ̀ fún ìrántí ogun yẹn, ṣọ́jà kan àti aláàárù kan. Ṣọ́jà Ìdúmọ̀tà ni orúkọ tó mọ́ ibẹ̀ lára. Wọ́n ti kó àwọn ère náà kúrò tipẹ́, àwọn ará Èkó ṣì ń dárúkọ ṣọ́jà. Aláàárù tó bá a dúró lójú kan náà, lábẹ́ oòrùn kan náà, ò rẹ́ni dárúkọ ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ orúkọ yìí ni ìṣòro gan-an. Nígbà tí wọ́n bá ń gba ènìyàn sí iṣẹ́ ṣọ́jà láyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, akọ̀wé á béèrè orúkọ, á béèrè ìlú, á sì so méjèèjì pọ̀ bí ẹni pé orúkọ bàbá ni ìlú yẹn. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé ogun ṣe kún fún àwọn tí orúkọ bàbá wọn ń jẹ́ Kánò, Ìlọrin tàbí Ìbàdàn. Ọ̀kan lára àwọn tó gbajúmọ̀ jù nínú àwọn ṣọ́jà ogun Káísà láti Nàìjíríà ni sájẹ́ǹtì-méjọ̀ kan tí ìwé ń pè ní Belo Akure. Ó gba àmì ẹ̀yẹ DCM, èyí tí wọ́n ń fún ṣọ́jà tí kì í ṣe ọ̀gá bó bá hùwà akin lójú ogun. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ tó jẹ́ òyìnbó kọ nípa ìgboyà rẹ̀. Ṣùgbọ́n agboolé wo ni Bẹ́lò ti jáde? Kí ni oríkì rẹ̀? Kí ni bàbá rẹ̀ ń jẹ́? Akọ̀wé ò kọ ìyẹn sílẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tí a ò mọ oríkì rẹ̀, a ò tíì mọ̀ ọ́n.

Ogun kejì ló kó àwọn tí bàbá àgbà wa mọ̀. Àwọn èèyàn ń pè é ní ogun Hítílà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ṣọ́jà wa ò bá Hítílà pàdé. Ní 1941 wọ́n bá àwọn ará Ítálì jà. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun láti Nàìjíríà ló wọ Mogadishu ní oṣù kejì ọdún náà, kí wọ́n tó gba Marda kọjá lọ sí Harar. Lẹ́yìn ìyẹn ni Gẹ̀ẹ́sì kó ìpín ọmọ ogun méjì jọ, ti kọkànlélọ́gọ́rin àti ti kejìlélọ́gọ́rin, láti Nàìjíríà, Gold Coast (Ghana lónìí), Sàró àti Gambia. Nǹkan bí 90,000 ènìyàn láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni wọ́n kó lọ sí Íńdíà àti Bọ́mà, ọmọ Nàìjíríà ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Àmì ìpín kọkànlélọ́gọ́rin ni alántakùn, Ànáńsì tí àwọn ará Gold Coast ń pa ìtàn rẹ̀, tó fi ọgbọ́n ṣẹ́gun ẹni tó jù ú lọ.

Ọgbọ́n yẹn ò sì ṣàì bá wọn ṣiṣẹ́. Igbó tí wọ́n rán wọn sí ní àfonífojì Kaladan kò ní ọ̀nà rárá. Wọ́n fi ọwọ́ la ọ̀nà tó lé ní máìlì 70 gba inú òkè kọjá. Nígbà tí wọ́n kọjá ibi tí ọ̀nà yẹn mọ, ọkọ̀ òfurufú ló ń ju oúnjẹ àti ọta ìbọn sílẹ̀ fún wọn, wọ́n á sì gbé e rù. Ẹrù orí ló mú kí wọ́n lè rìn níbi tí àwọn ọmọ ogun mìíràn ò lè dé. Ní oṣù kìn-ín-ní 1945 ni Myohaung bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Myohaung ọ̀hún ló wá di orúkọ bárékè ní Yábàá.

Bí mo bá máa mú ẹnì kan ṣoṣo nínú gbogbo wọn, Isaac Fadoyebo ni, ọmọ Ẹ̀mùré-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tó wọṣẹ́ ṣọ́jà ní 1942, wọ́n sì fi í sí ẹ̀ka tó ń tọ́jú àwọn tó fara pa. Ní oṣù kẹta 1944, àwọn ọmọ ogun Jàpáànù ká wọn mọ́ lẹ́bàá odò Kaladan. Ìbọn fọ́ egungun itan rẹ̀, ó tún bà á níkùn. Àwọn tó ṣẹ́kù sá lọ. Òun àti ọmọ Sàró kan tí òun náà fara pa ni wọ́n wà níbẹ̀, inú igbó, láìsí oògùn, láìsí oúnjẹ. Àgbẹ̀ Mùsùlùmí kan tó ń jẹ́ Shuyiman, ọ̀kan lára àwọn tí ayé mọ̀ sí Rohingya lónìí, ló rí wọn. Ó bọ́ wọn, ó fi wọ́n pa mọ́, nígbà tó yá ó kó wọn wọ ilé ara rẹ̀. Bí àwọn ará Jàpáànù bá mọ̀, orí rẹ̀ ni wọn ì bá bẹ́. Oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n lò lọ́wọ́ rẹ̀ kí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó padà dé ibẹ̀ ní ìparí 1944.

Fadoyebo padà wálé, ó ń tiro, ó ṣiṣẹ́ ìjọba, ó bímọ. Ó fúnra rẹ̀ kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí sílẹ̀, ìyẹn ló sì yà á sọ́tọ̀ láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ní 2011, oníròyìn kan tó ka ìwé náà mú lẹ́tà ìdúpẹ́ láti ọwọ́ bàbá arúgbó yìí, ó gbé e lọ sí Bọ́mà, ó sì rí ìdílé àgbẹ̀ náà. Shuyiman ti kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ ṣì ń pa ìtàn àwọn ọkùnrin dúdú méjì tí bàbá wọn gbà là. Fadoyebo papòdà ní 2012. Nínú gbogbo ohun tó wà nínú ìtàn yìí, èyí tó máa ń gún mi lọ́kàn ni pé abúlé kan ní Bọ́mà fi ẹnu lásán pa ìrántí ọmọ Ẹ̀mùré-Ilé mọ́ fún ohun tó lé ní ọgọ́ta ọdún. Ibo ni orúkọ àwọn tó jọ wọṣẹ́ náà láti ìlú tirẹ̀ wà?

Kí a má sọ pé ìgbàgbé yẹn ọwọ́ wa nìkan ló wà. Àjọ tí Gẹ̀ẹ́sì dá sílẹ̀ láti máa tọ́jú ibojì àwọn ọmọ ogun, CWGC, gbé ìwádìí kan jáde ní oṣù kẹrin 2021. Ó ní lẹ́yìn ogun Káísà, ó kéré tán 116,000 ènìyàn, bóyá kó tó 350,000 pàápàá, ni wọn ò kọ orúkọ wọn síbì kankan tàbí tí wọn ò rántí rárá. Àwọn ará Áfíríkà àti Àárín Gbùngbùn Ìlà-Oòrùn ló pọ̀ jù nínú wọn. Òyìnbó tó bá kú ń gba òkúta ibojì tirẹ̀, ti orúkọ tirẹ̀. Fún àwọn ọmọ Áfíríkà, ère kan fún gbogbo wọn ti tó lójú àwọn aláṣẹ ìgbà náà. Ẹnì kan lára wọn tilẹ̀ sọ pé òkúta ibojì ò lè yé wọn. Èèyàn tó ń sọ èyí ń ṣèjọba lórí àwọn tó ń sin òkú wọn sínú ilé kí ó má baà jìnnà sí wọn. Mínísítà ètò ààbò Gẹ̀ẹ́sì tọrọ àforíjì nílé aṣòfin wọn lọ́dún náà.

Owó náà ò dọ́gba. Lẹ́yìn ogun Hítílà, owó ìdágbére tí wọ́n fún ṣọ́jà Áfíríkà kéré gan-an sí ti òyìnbó tí wọ́n jọ wà ní ipò kan náà. Ní 2018 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ̀ṣẹ̀ kéde mílíọ̀nù 11.8 pọ́n-ùn láti ran nǹkan bí 7,000 àwọn ajagunfẹ̀yìntì àti opó lọ́wọ́ ní àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n jọba lé lórí rí. Ìyẹn ọdún 73 lẹ́yìn tí ogun parí. Ọ̀pọ̀ tí à bá fún ti jẹ́ ìpè Ọlọ́run.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé. Àwọn tó ń wọ aṣọ ṣọ́jà tó ti ṣá, tí wọ́n fi àmì ẹ̀yẹ sáyà, tí wọ́n ń dúró lẹ́nu géètì báńkì tàbí tí wọ́n ń darí ọkọ̀ ní oríta, ọ̀pọ̀ wọn ló jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ Nigerian Legion, ẹgbẹ́ àwọn ajagunfẹ̀yìntì. Àwọn ni à ń rí ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún tí wọ́n ń yan lẹ́yìn àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́jà. Lẹ́yìn tí gómìnà bá ti lọ, wọ́n á padà sẹ́nu géètì.

Àwọn tó ní owó ìfẹ̀yìntì náà ń jà. Láti 2004 ni òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ti ń dá owó ìfẹ̀yìntì tirẹ̀ sọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú owó bẹ́ẹ̀. Wọ́n kó àwọn ológun náà sínú rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, wọ́n sì yọ wọ́n kúrò ní 2011. Láti ìgbà yẹn, inú ètò ìṣúná ìjọba àpapọ̀ ni owó wọn ti ń wá lọ́dọọdún, nípasẹ̀ Military Pensions Board. Ó dára ní ti pé ṣọ́jà ò dá kọ́bọ̀. Kò dára ní ti pé bí owó ìṣúná bá há, wọ́n á dúró.

Òfin ilẹ̀ wa ti 1999, abala 173, ní kí wọ́n máa ṣàtúnyẹ̀wò owó ìfẹ̀yìntì ní ọdún márùn-ún márùn-ún, tàbí nígbàkígbà tí owó oṣù òṣìṣẹ́ bá gòkè, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. Owó oṣù tó kéré jù kúrò ní ₦18,000, ó di ₦30,000 ní 2019, ó sì di ₦70,000 ní 2024. Ìgbà tí ti òṣìṣẹ́ bá gòkè, ti arúgbó á máa wọ́ bọ̀ lẹ́yìn, gbèsè rẹ̀ á sì gùn. Èyí wà lára ohun tó gbé àwọn ajagunfẹ̀yìntì dé ẹnu géètì iléeṣẹ́ ìṣúná ní Àbújá ní ìparí 2024, tí wọ́n dí ọ̀nà mọ́ àwọn òṣìṣẹ́. Wọ́n tún ń béèrè àjẹmọ́nú kan tí wọ́n ń pè ní SDA, tí wọ́n là sílẹ̀ fún ẹni tó mọ àṣírí iṣẹ́ ológun, kí ó má baà lọ fi ìmọ̀ rẹ̀ ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n lọ síbẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó ti jà ní Liberia lábẹ́ ECOMOG, tó wá jókòó sórí bíríkì lábẹ́ oòrùn Àbújá kí wọ́n tó dá a lóhùn, ohun tó ń rò nípa ẹyẹlé funfun, mi ò ní í gbẹnu sọ fún un.

Àwọn tó ń kú sì ń kú lọ́wọ́lọ́wọ́. Láti 2009 ni ogun Boko Haram ti ń jẹ ṣọ́jà ní Bọ̀rnó. Ní oṣù kẹta 2024, wọ́n pa ṣọ́jà 17, tó fi mọ́ ọ̀gá wọn, ní Okuama ní ìpínlẹ̀ Delta, Ààrẹ sì lọ síbi ìsìnkú wọn ní Àbújá. Ìwé ìròyìn tẹ orúkọ gbogbo wọn, ìyẹn sàn. Ọ̀pọ̀ tó ti ṣubú ṣáájú ò rí bẹ́ẹ̀.

A mọ bí a ṣe ń rántí bí a bá fẹ́. Ẹ wo Adekunle Fajuyi, ọmọ Adó-Èkìtì. Ó gba àmì ẹ̀yẹ ìgboyà nítorí iṣẹ́ tó ṣe ní Kóńgò, ó di gómìnà ológun Ìwọ̀-Oòrùn, wọ́n sì pa á ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù keje 1966 pẹ̀lú Aguiyi-Ironsi, olórí ìjọba ológun nígbà náà, tó jẹ́ àlejò rẹ̀, nítòsí Lálúpọn. Ojú ọ̀nà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, bárékè Òdógbó ní Ìbàdàn ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, ọgbà ńlá kan sì wà fún un ní Adó. Nítorí kí ni? Nítorí pé ìtàn rẹ̀ ṣeé sọ ní gbólóhùn kan: ó kọ̀ láti fi àlejò sílẹ̀. Ṣọ́jà tí àìsàn ìgbẹ́ ọ̀rìn pa ní Bọ́mà ò ní irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀. Orúkọ rẹ̀ nìkan ló ní.

Orúkọ yẹn ṣì ṣeé wá. CWGC ní àkójọ orúkọ àwọn tó kú nínú ogun méjèèjì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni, ẹ sì lè fi orúkọ wá a. Ẹ má retí àmì ohùn, ẹ sì má retí kí wọ́n kọ ọ́ bó ṣe yẹ. Ẹ dán ọ̀nà mẹ́ta mẹ́rin wò, ẹ fi orúkọ ìlú náà wá a. Lára àwọn òpó ìrántí ńlá tó wà nítòsí Yangon ni wọ́n kọ orúkọ àwọn tí wọn ò mọ ibojì wọn ní Bọ́mà sí, nǹkan bí 27,000 orúkọ, àwọn ọmọ Nàìjíríà sì wà níbẹ̀. Nílé, ẹ wo ìsàlẹ̀ àpótí ìyá àgbà fún ìwé ìdágbére tàbí àmì ẹ̀yẹ tó ní ìràwọ̀. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ọdún 20 nígbà tí ogun Biafra bẹ̀rẹ̀ ní 1967 ti ń súnmọ́ 80 báyìí. Fóònù tó wà lọ́wọ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀ lè gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ láàárín wákàtí kan.

Bó bá sì ṣe pé Àkúrẹ́ lẹ ti ń ka èyí, tí ẹ ti gbọ́ rí nínú agboolé yín pé bàbá kan tó ń jẹ́ Bẹ́lò lọ sógun Káísà, tó gba àmì ẹ̀yẹ bọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi àwọn àgbà ní oríkì rẹ̀ kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀.